Ata Tí Fọlábí Bù Sí Oúnjẹ Gíwá

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Omi,
                                        Hwolshe, Jos,
                                        Ìpínlẹ̀ Plateau.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Keziah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ooru Oǹdó o. Níbí, ọyẹ́ ṣì ń la ètè wa, ṣùgbọ́n ara le, a dúpẹ́. Olúwadára ọmọ mi bí ọkùnrin ní Àkúrẹ́, àlàáfíà sì ni ìyá àti ọmọ wà. Ìròyìn ayọ̀ tí mo ní nìyẹn. Èyí tó kù, ìbínú ni, àbúrò rẹ Fọlábí ló sì fà á. Má bínú pé ìwọ ni mò ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bí n kò bá sọ ọ́, yóò pa mí.

O rántí Gíwá, ajá onírun yìgìyìgì tí ọkọ mi olóògbé gbé wálé ní ọmọ ajá, tí o bi mí pé ṣé àgùntàn ni? Àwọn ọmọ àdúgbò ló sọ ọ́ ní Gíwá, ìyẹn erin lédè Hausa, orúkọ náà sì rò ó. Bí ó bá nàró tó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, orí rẹ̀ ga ju tèmi lọ. Itọ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìró mi mọ́. Irun tí mò ń yà lára rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan tó kún ìrọ̀rí. Ó ń jẹun bí alágbàṣe. Síbẹ̀ adìẹ ń gun ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, kì í lajú wò ó. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ, èmi àti òun la jọ ń gbé inú ilé yìí.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ bá Olúwadára wẹ ọmọ, Fọlábí ni mo fa Gíwá lé lọ́wọ́, nítorí odi kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí: tùwó àgbàdo àti orí ẹja láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́; kí ó má sáré lẹ́yìn oúnjẹ, torí ikùn irú ajá ńlá báyìí a máa lọ́ pọ̀, á sì kú; kí omi rẹ̀ má gbẹ; kò sì gbọdọ̀ fẹnu kan ata. Ó ní, “Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, ajá kì í ṣe ọmọ ìkókó.” Àṣé ó ti ní èyí tó ń rò. O mọ irọ́ àtijọ́ yẹn, pé ajá tó bá ń jẹ ata ló ń mú. Fọlábí, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó kà, gbà á gbọ́! Ó ní ajá tó tóbi báyìí tí kò lè gé ẹnikẹ́ni jẹ, ìnáwó lásán ni. Ló bá ń bu ata wẹ́wẹ́ gígún sí tùwó Gíwá, láàárọ̀, lálẹ́. Kai! Ata wẹ́wẹ́, Keziah!

Ní Sátidé kan, ara ajá náà kò gbà á mọ́. Omi ti tán nínú abọ́ rẹ̀, ọ̀fun sì ń jó o. Ó já géètì, ó bọ́ sí títì, ó ki orí bọ inú korobá kùnú tí Ìyá Tohirat gbé kalẹ̀ fún títà, ó sì mu ún tán. Ìyá Tohirat fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé kò gé ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ta ló dúró wò ó? Wọ́n ń pariwo, “Mahaukaci! Ajá ti ya wèrè!” Wọ́n ń sọ ọ́ lókùúta títí ọ̀kan fi là á lókè ojú. Nígbà tí mo dé, ìdí táǹkì omi ni mo ti bá a, ó ká jọ. Dókítà ẹranko kan ní Bauchi Road ya ẹnu rẹ̀ wò, ahọ́n rẹ̀ ti bó. Ó ní kò sí wèrè kankan lára rẹ̀, gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló pé.

Mo bi Fọlábí, ẹ̀rín ló ń rín lórí odi. Ó ní ata díẹ̀ lòun ń fi sí i kí ó lè gbóná, ajá mi ti gọ̀ jù. Ẹnu ara rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ o! Àmọ́ nígbà tí àwa onílé ṣèpàdé, tí Alhaji Lááwàlì alága wa bi í pé kí ló fún ajá jẹ, ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ yẹ̀. Ó ní tùwó àti ẹja ni, òun kò mọ nǹkan kan nípa ata. Hàbá! Mo dìde, mo pariwo. Wọ́n ní kí n jókòó, pé láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni ìfẹ́ ajá ti kó sí mi lórí. Wọ́n wá pàṣẹ pé kí Gíwá kúrò ládùúgbò kí oṣù yìí tó parí. Àwọn kan náà tí wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n tú u sílẹ̀ nígbà tí olè ń fọ́lé káàkiri! Ìwọ náà kúkú mọ̀ pé ajá tí wọ́n bá lé nílé nílùú yìí, ìkòkò ọbẹ̀ kì í pẹ́ rí i. Àwa ará Oǹdó kò sì lè fi ìyẹn bú ẹnikẹ́ni.

Èyí tó dùn mí jù ni pé Gíwá kì í jẹun lọ́wọ́ mi mọ́. Bí mo bá gbé abọ́ wá, á gbóòórùn rẹ̀, á fà sẹ́yìn, á máa kùn mọ́ mi. Èmi tí mo fi ìgò wàrà tọ́ ọ! Mò ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mò ń bu tùwó náà jẹ kí ó lè rí i pé kò sí ata níbẹ̀. Èmi ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni mò ń jẹ oúnjẹ ajá yẹn o. Ìgbà tí mo bá wọlé lọ tán ló tó ń tọ́ ọ wò. Lánàá, Fọlábí gbọ́ bó ṣe ń kùn, ó yọrí lórí odi: “Àǹtí, ẹ ò rí i, ó ti ń mú!” Orógùn wà lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run ló ní kí n má jù ú.

Keziah, ìwọ nìkan ni Fọlábí ń bẹ̀rù láyé. Ìwọ lo pọ̀n ọ́n, ìwọ lo rán an lọ sílé ìwé. Jọ̀ọ́, pè é. Kí ó dìde níwájú Alhaji Lááwàlì, kí ó sọ pé òun lòun bu ata sí i. Gbólóhùn kan péré ni. Eérú kúkú ń tọ ẹni tó dà á. Bí ó bá kọ̀, Gíwá kò ní bá ẹnikẹ́ni lọ. Èmi àti òun la jọ máa kó ẹrù jáde nínú ilé tí ọkọ mi kọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi kí gbogbo ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ti Fọlábí, ó ń kí mi lórí odi láràárọ̀, “Àǹtí, ẹ káàárọ̀ o,” bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Sọ fún un pé kí ó yéé da ara rẹ̀ láàmú. Ọjọ́ tí Gíwá bá tún jẹun lọ́wọ́ mi ni n óò tó dá a lóhùn.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ń bí,
                                        Ọmọ́yẹmí Dúrótoyè.