Àwọ̀ Tí A Fín Sára Àǹtí Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí yàrá tí o háyà, mo sì kí gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń gbélé. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, kí ó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn, kí ó sì jẹ́ ọjọ́ tí inú rẹ kò fi bẹ́ẹ̀ bí sí mi. Ara mi le. Eékún mi ọ̀tún ṣì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe tí òjò bá ṣú, ti òsì kò yọ mí lẹ́nu. Àǹtí rẹ ń kí ọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gùn, òun gan-an ló jẹ́ kí n gbé kálàmù dípò kí n máa dúró de fóònù.

Fóònù náà kò dún mọ́ láti ọjọ́ tí a ti sọ̀rọ̀ yẹn. Mo kọ́kọ́ rò pé ohùn rẹ ni kò ráyè wọlé, nítorí náà mo gbé e sójú fèrèsé pálọ̀, mo sì ṣí fèrèsé náà sílẹ̀ gbayawu. Nígbà tí kò sí àyípadà, mo dì í sínú ọ̀rá kí òjò má bàa pa á, mo so ó mọ́ ẹ̀ka igi lẹ́yìnkùlé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa. Ọkọ̀ tí ń kọjá nìkan ni mo ń gbọ́. Àǹtí rẹ ló wá sọ fún mi pé kò sí ohun tó ṣe fóònù, ẹnu mi ló ba nǹkan jẹ́. Ó ní bí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn sí òun, òun kò ní pe onítọ̀hún títí di ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, òun á sì tún pẹ́ dé ibi ìsìnkú náà.

Kí n má yí ọ̀rọ̀ po. O sọ fún mi pé o ti fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀, pé o ń kọ́ iṣẹ́ fífín àwọ̀ sára ènìyàn, pé àwọn tí oòrùn kì í kàn nínú ọ́fíìsì ń sanwó kí ara wọn lè dúdú díẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi dé. O ní ìdánwò ìparí ti kù sí dẹ̀dẹ̀, pé ọ̀gá tí ń kọ́ yín ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ènìyàn tirẹ̀ wá, ẹni tí ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó kí àwọ̀ lè hàn, tí yóò sì gbà láti dúró níwájú rẹ láìwọ aṣọ púpọ̀. O ní o kò mọ ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ ní ìlú yẹn, bí o kò bá sì rí ẹni mú wá, kò sí ìwé ẹ̀rí, gbogbo ohun èlò tí o ti rà yóò kàn máa gba eruku ni. O wá bẹ̀ mí kí n bá ọ wá ẹnì kan nínú ẹbí. Èmi wá dá ọ lóhùn pé n kò bí ọmọ tí yóò máa kun ènìyàn bí ẹni ń kun ògiri, pé kí o padà lọ bẹ àwọn ará báńkì. O dákẹ́. Mo rò pé o ń ronú lórí ìmọ̀ràn mi ni, mo sì bá ìmọ̀ràn náà lọ fún ìgbà pípẹ́ kí n tó mọ̀ pé o ti pa fóònù.

Ẹrù tí o ti fi ránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà wá dé lẹ́yìn rẹ̀. O kọ ọ́ sára páálí pé ẹ̀rọ tí o kọ́kọ́ rà nìyí, pé o ti ra èyí tó dára jù ú lọ, pé kí n kàn wò ó kí n lè rí i pé iṣẹ́ gidi ni, kò sí ohun ìtìjú nínú rẹ̀. Wíwò lo ní kí n wò. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bàbá rẹ. Ẹni tó bá ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pẹ́ tó bí mo ṣe ṣe é kò ní gbà pé ohun kan wà láyé tí òun kò lè fọwọ́ ara òun ṣàyẹ̀wò.

Mo ránṣẹ́ pe akunmọ́tò tó ní ṣẹ́ẹ̀dì níwájú ilé wa, nítorí nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀, òun nìkan ló ní ẹ̀rọ tí ń fín ọ̀dà. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ dé, gbogbo àwọ̀ mọ́tò àdúgbò ló wà lára aṣọ náà. Ó yí ẹ̀rọ rẹ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní Ọ̀gá, ohun ìṣeré ọmọdé nìyí, pé òun lè fi ẹ̀rọ tòun kun odidi ẹbí kan kí ilẹ̀ tó ṣú, kí òun sì fọwọ́ sọ̀yà pé òjò kò ní ṣí i. Mo bi í nípa ìpara inú ìgò kékeré tó wà nínú páálí. Ó ní gíríìsì ni, ó sì fi gbogbo rẹ̀ pa ọrùn ẹ̀rọ náà. Mo bi í nípa àwọn bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ká sínú ọ̀rá, tí wọ́n ní okùn lápá méjèèjì. Ó ní ìbòmú ni, kí àwọ̀ má bàa wọ ènìyàn nímú. Ó fún mi ní ọ̀kan, ó so ọ̀kan mọ́ imú tirẹ̀, a sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Àǹtí rẹ jáde láti ilé ìdáná, ó wò wá, ó ní Tíṣà, kí ni ẹ̀yin méjèèjì so pátá mọ́ imú fún. Mo sọ fún un pé kí ó má fi àìmọ̀ sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ní ti àgọ́ tí o ká sínú páálí náà, èyí tí ènìyàn ń dúró sí kí wọ́n tó fín in, bí mo ti tú okùn rẹ̀ báyìí ló fò dìde fúnra rẹ̀ ní pálọ̀, ó ta àga mi ṣubú, ó sì bo tábìlì mọ́lẹ̀. A kò tíì rí i ká. Akunmọ́tò jókòó lé e, èmi náà jókòó lé e, nígbà tí a dìde, ó bá wa dìde. Inú rẹ̀ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí ibẹ̀ ni tábìlì wà.

Èmi ni a kọ́kọ́ fín. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì àti bàtà, mo dúró nínú àgọ́, akunmọ́tò ń fín omi àwọ̀ tó bá ẹ̀rọ náà wá sí mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń sọ fún mi pé kí n má mí kí ọ̀dà má bàa ṣàn. Ó tutù, ó sì ń rùn bíi bisikíìtì. A wo apá mi, a wo àyà mi: bí mo ṣe dúdú tẹ́lẹ̀ náà ni mo ṣe dúdú. A tún un fín. Kò sí nǹkan kan. Mo ní wọ́n ti ta omi fún ọmọ mi. Akunmọ́tò ní awọ ara mi ló ń dán jù, kí a fi sánpépà ha á díẹ̀ kí àwọ̀ lè rí ibi dì mú. Mo kọ̀.

Ìgbà náà ni àǹtí rẹ ní kí a fín òun. O mọ̀ pé gbogbo ayé ló ń pè é ní Àǹtí Pupa, o sì mọ ìpara tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ìgò tó tò sídìí dígí yàrá rẹ̀ láti kékeré rẹ. Ó ní oríkèé ìka òun ló kọ̀ tí kò pupa, bóyá èyí á bá òun mú un. Mo sọ fún un pé dúdú ni ọmọ wa ní nǹkan náà ń sọ ènìyàn. Ó ní ṣé èmi tí wọ́n fín lẹ́ẹ̀mejì ti wá dúdú sí i ni. Ó wọ gáàùn rẹ̀ tí kò lápá, ó wọnú àgọ́, akunmọ́tò fín ojú rẹ̀, ọrùn rẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní nínú gbogbo mọ́tò tí òun ti kùn, kò sí èyí tó dúró jẹ́ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀. Àǹtí rẹ bú wa, ó sì lọ sùn.

Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ó máa ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí àwọ̀ náà tó hàn. Nígbà tí mo jí, àtẹ́lẹwọ́ mi ti pọ́n bí èèpo ọsàn, àtẹ́lẹsẹ̀ mi bẹ́ẹ̀, irùngbọ̀n mi funfun sì ti dà bí irun ẹṣin. Mo sáré lọ sí ilé ìdáná láti wá ọṣẹ. Obìnrin kan kọ ẹ̀yìn sí mi nídìí sítóòfù, ó ń da omi gbígbóná sínú ife. Ó yíjú. Ìyá rẹ ni.

O kéré jù nígbà tó kú, fọ́tò kan ṣoṣo tó wà nílé sì ti ṣá tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé eyín rẹ̀ nìkan ló kù níbẹ̀, nítorí náà o kò lè mọ ohun tí mo ń sọ. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí òun àti àǹtí rẹ, ojú kan náà ni wọ́n sì ní, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ gan-an tí ìpara yẹn ti bò ó mọ́ mi lójú. Àǹtí rẹ bi mí pé kí ni mo ń wò bí ẹni rí òkú, kí ló dé tí ọwọ́ mi rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ó lọ wo dígí.

Ó pẹ́ nídìí dígí náà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo ń retí èébú. Kò bú mi. Ó kàn ń fọwọ́ tọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bi mí bóyá mo rántí orúkọ tí mo sọ òun lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá sílé wọn wá wo ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní n kò rántí. Ó ní Ìdí Ìkòkò ni. Ó ní mo jókòó sórí àga bàbá àwọn, tíṣà tuntun, mo fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì, mo ní kí Ìdí Ìkòkò lọ bu omi wá fún mi. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, òun sì bu omi náà wá. Ọdún yẹn gan-an lòun ra ìgò ìpara àkọ́kọ́.

Ọmọ mi, mo wá rántí. Mo rántí pé mo rò pé ẹnu mi dùn ni. Ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń sọ fún àwọn ènìyàn ohun tí kò dára lára wọn, tí mo ń pè é ní ìtọ́sọ́nà. Mo rántí ìparí ọdún tí o kun ojú àwọn ọmọbìnrin kíláàsì rẹ, tí mo ní kí o fọ̀ ọ́ kúrò lójú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nídìí ẹ̀rọ omi, níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ náà ń sunkún. Mo sọ fún ara mi nígbà náà pé ọṣẹ ló wọ̀ wọ́n lójú. Mo bẹ àǹtí rẹ. Ó ní òun ti gbọ́, kí n lọ fọ irùngbọ̀n mi. Mo ń bẹ ìwọ náà.

Láti ìgbà náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń yà wá wo àǹtí rẹ. Akunmọ́tò ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, ó sì fẹ́ kọ ọ́ sí pátákó ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ náà ti ń ṣí lọ́rùn rẹ̀ ní abala abala, àǹtí rẹ sì ní ọkùnrin náà kò mọ̀ ọ́n ṣe, ó fo ẹ̀yìn etí òun, ó sì jẹ́ kí ó ṣàn sí òun lójúgun. Àǹtí rẹ gba awò ojú mi, ó ka ara ìgò ìpara kékeré yẹn: àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń fi í pa kí àwọ̀ má bàa mú un. Ní ti ìbòmú, n kò fẹ́ kí a tún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àǹtí rẹ ní òun ń bọ̀ wá bá ọmọ tó mọ iṣẹ́, òun ni yóò dúró fún ọ lọ́jọ́ ìdánwò, pé kí ọjọ́ náà tó pé, ti akunmọ́tò á ti ṣí tán, ara òun á sì mọ́lẹ̀ tó. Ó ní òun ti ń wẹ̀ ọ́ láti ìgbà tí o ti wà ní jòjòló, kí ló kù lára òun tí òun fẹ́ fi pamọ́ fún ọ. Nítorí náà, má wá ẹlòmíràn. Kò tíì da ìpara rẹ̀ nù o. Ó kó wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun ṣì ń rò ó.

Ohun kan ṣì ń bà mí lẹ́rù nípa iṣẹ́ náà. O sọ fún mi rí pé ẹ̀rọ báńkì ìsinsìnyí máa ń wo ojú ènìyàn kí ó tó gbà pé òun ló lowó. Bí obìnrin bá tọ̀ ọ́ wá lónìí ní pupa, tó wá dúdú lọ sí báńkì lọ́la, ta ni ẹ̀rọ yóò pè é? Mo ti kọ ìwé ìjẹ́rìí tí àwọn oníbàárà rẹ lè mú dání, pé èmi tí mo fọwọ́ sí i mọ ẹni yìí, pé ẹni àná náà ni, mo sì lu òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ lé e. Àǹtí rẹ ń kó wọn bọ̀. Ibi tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀ ni kí wọ́n ti ìwé náà sí.

Ní ti owó, àǹtí rẹ ti ní ti àlọ. Jọ̀wọ́ bá mi fún un ní ti àbọ̀, kí o sì fi díẹ̀ lé e fún ọṣẹ tó lè ṣí irùngbọ̀n, nítorí àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ń ṣèpàdé láìpẹ́, n kò sì fẹ́ jókòó sáàárín wọn bí mo ṣe wà yìí. Akunmọ́tò ní kí n bá òun béèrè owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Má dá a lóhùn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ rẹ dúró ṣinṣin lórí iṣẹ́ tí o yàn. Kí àwọ̀ rẹ mú lára wọn, kí ó má ṣàn, kí ó má fo etí ẹnikẹ́ni. Kí ẹni tó bá ti ọwọ́ rẹ jáde wo dígí, kí ó sì fẹ́ràn ẹni tó rí níbẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni. Èmi bàbá rẹ ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò náà, bí o bá ti fín àǹtí rẹ tán, má kánjú. Jẹ́ kí ó sùn sí yàrá rẹ, kí ìwọ sì jí ṣáájú rẹ̀. Jókòó tì í, kí o wò ó dáadáa kí ó tó la ojú. O kò rí ojú yẹn rí, ọwọ́ ara rẹ lo sì fi mú un jáde. Ìyá rẹ nìyẹn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.