Òróró Yukalípítọ́ọ̀sì Tí Wọ́n Ń Tà fún Mímu ní Èbúté Ìpakodò

Agbolé Fáṣínà,
Òkè-Bálógun,
Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ, 1956.

Ọ̀gá Wolé-wolé Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Ìlera,
Ìkòròdú.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÒRÓRÓ TÓ PA ỌMỌ MI, ÀTI Ẹ̀BI TÍ WỌ́N DÌ RU ÌYÁ RẸ̀

Ewé igi yukalípítọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń fún òróró tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. N kò bá òróró náà jà. Ìyá mi fi ń ra orúnkún tó ń ro ó, a sì máa ń kán an sí aṣọ kí a máa fi imú fà á bí ọ̀fìnkìn bá dé.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá, ikọ́ ń da Ṣẹ̀rífátù, ọmọ wa, láàmú. Ìyàwó mi, Kúbúrá, ta ẹja tán ní Ìkòròdú, ó sì ra ìgò òróró náà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń pàtẹ oògùn ní èbúté Ìpakodò. Ó bi í bóyá ọmọdé lè mu ún. Ọkùnrin náà dáhùn pé, “Ohun tí imú gbà, ọ̀fun náà á gbà á. Ẹ fún un ní ṣíbí kan.” Kò sí ìkìlọ̀ kankan lára ìgò náà.

Kúbúrá ṣe bí wọ́n ti wí. Kò pẹ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ojú rẹ̀ yí sókè, gìrì sì mú un. A gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló kú sí lójú ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì tó gbóòórùn ẹnu rẹ̀ ló sọ fún wa pé májèlé ni òróró náà bí ó bá ti wọ inú ọmọdé.

Mo padà lọ bá ọkùnrin náà. Ó ní àsìkò ọmọ ló tó, ó sì yíjú sí oníbàárà mìíràn. Ó ṣì ń tà á.

Nínú agbolé wa, kò sí obìnrin tó ń jẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ gba oúnjẹ lọ́wọ́ Kúbúrá mọ́. Ṣàmsúdéènì, ẹ̀gbọ́n mi, ní kí n kọ̀ ọ́. Kúbúrá fúnra rẹ̀ kì í fọwọ́ kan ìkòkò mọ́. Bí ebi bá ń pa mí, yóò ní, “Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bù ú fún yín.”

Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún mímu mọ́. Ẹ pàṣẹ kí wọ́n lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ìgò rẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní èbúté fún ẹni tí kò mọ̀wé. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ rán wolé-wolé kan wá bá bàbá mi, olórí agbolé wa, kí ó sọ fún wọn pé Kúbúrá béèrè kó tó fún ọmọ, irọ́ ni wọ́n sì pa fún un. Ọ̀rọ̀ tèmi kò wọ̀ wọ́n létí mọ́. Ọmọ kan ti kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sí ẹkún wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Síkírù Fáṣínà,
Apẹja, bàbá olóògbé Ṣẹ̀rífátù.