Pányà Kò Jìnnà

Peckham,
Lọ́ńdọ̀nù.
Ọjọ́ Àìkú, oṣù Kọkànlá.

Àmínát mi, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń kọ́ àwọn òyìnbó Sípéènì ní èdè òyìnbó,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí ọ títí. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun, àbí kọfí náà ni o ṣì ń mu dípò oúnjẹ àárọ̀? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Tiwa níhìn-ín, a dúpẹ́. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí, òtútù sì ti dé. Ẹ̀rọ ìmóoru tí káńsù ní àwọn ti tún ṣe kò tíì móoru. Bí mo bá pè wọ́n, orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí.

Mo mọ̀ pé o máa béèrè pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ìwọ náà mọ fúláàtì wa. Bí mo bá wúkọ́ ní kíṣíìnì, Màmá Àgbà á ti ṣe mí ní pẹ̀lẹ́ láti yàrá. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò fẹ́ kí wọ́n tún gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́, kí owó iléèwé ọjọ́ Sátidé tí mo san lórí rẹ má baà jẹ́ àṣedànù.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí: má wá bàbá mi mọ́. Má lọ sí Valencia ní ìsinmi Kérésì, má sì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìjọba kankan mọ́. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ tí o ti dé Sípéènì ni Màmá ti ń dà ọ́ láàmú lórí fóònù: “Àmínát, ṣé o ti rí ẹni tó mọ ọkọ mi?” O rìn, o béèrè, o ṣe ju ohun tí ọmọ ọmọ ń ṣe lọ. Kò sí níbẹ̀, ọmọ mi. Kò débẹ̀ rí.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí díẹ̀díẹ̀ ni o ń gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò nígbà tí bàbá mi, Làtíìfù, kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkùnrin kan ló wá ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, pé iṣẹ́ kòkó wà ní Pányà, pé ọdún méjì péré ni, pé ẹni tó bá lọ á gun kẹ̀kẹ́ tuntun wọ ìlú. Bàbá mi mọ iṣẹ́ kòkó dáadáa. Wọ́n fọwọ́ kàn mí lórí, wọ́n ní kí Màmá má fòyà, pé Pányà làwọn ń lọ, wọ́n sì lọ. Ẹnì kan mú ìròyìn wá lẹ́ẹ̀kan pé ara wọn le. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa.

Nígbà yẹn, ibì kan wà tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé: Fanandopó. Bí ọmọ bá ṣagídí, wọ́n á ní àwọn á tà á sí Fanandopó. Bí ọkùnrin kan bá lọ Fanandopó, ńṣe ni ilé rẹ̀ á máa sunkún bí ẹni pé ó ti kú. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi máa ń dúpẹ́. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ láìmọye ìgbà: “Ọkọ tèmi ò lọ Fanandopó o, Pányà ni wọ́n lọ.” Àbúrò bàbá mi, Bọ̀dá Kàbírù, tí wọ́n kàwé díẹ̀, ló wá sọ fún wa pé ilẹ̀ àwọn òyìnbó Sípéènì ni wọ́n ń pè ní Pányà, lókè òkun lọ́hùn-ún, lápá ibi tí Lọ́ńdọ̀nù wà. Orúkọ tí àwọn òyìnbó náà ń pe ìlú wọn fara jọ ọ́ lóòótọ́. Gbogbo ilé wa gbà á bẹ́ẹ̀.

Àmínát, jíjìnnà yẹn ni Màmá fi gbé ilé ayé. Ẹni tó lọ òkè òkun, ta ló máa dá a lẹ́bi pé kò tètè dé? Àwọn ọkùnrin wá o! Alágbẹ̀dẹ kan wà, ọkùnrin pupa, ó fẹ́ràn èmi gan-an bí ọmọ inú ara rẹ̀. Màmá ní, “Ilé ọkọ ni mo wà, ọkọ mi ń bọ̀.” Ọmọdébìnrin ni wọ́n nígbà náà, wọn ò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí mo sì bí ọ, tí mo ní kí wọ́n wá bá mi tọ́jú ọmọ níhìn-ín, wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Ìgbà tí mo sọ pé láti Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ òfúrufú á dé Sípéènì kí ẹ tó jẹun tán, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Nítorí ọkọ wọn ni wọ́n ṣe wá, kì í ṣe nítorí tèmi tàbí tìrẹ. Má bínú, bó ṣe rí nìyẹn.

Ó yá, o mọ sẹ́ńtà àwọn àgbàlagbà tí mo ń mú wọn lọ, lẹ́yìn Rye Lane níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Vincent, ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, fìlà kì í kúrò lórí rẹ̀. Tábìlì kan náà ni òun àti Màmá ti ń jẹun láti ọjọ́ pípẹ́. Pijin ló ń sọ, ṣùgbọ́n ó máa ń ju èdè Sípéènì sí i. Èmi rò pé ará Kàlàbá kan ni, tó gbé Sípéènì rí. Lóṣù tó kọjá, nígbà tí wọ́n ń bá Màmá gé èékánná lẹ́yìn, mo kàn bi í léèrè ni, pé níbo ló ti gbọ́ èdè yẹn. Ó ní Pányà ni wọ́n bí òun sí. Mo ní ìlú wo ní Sípéènì? Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Sípéènì kẹ̀? Erékùṣù wa ni mò ń sọ. Ibi tí ẹ̀yin ará Lagos ń pè ní Fanandopó.”

Háà! Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ó ní erékùṣù kan ni, nínú òkun, níwájú Kàlàbá wa níbẹ̀. Àwọn òyìnbó Sípéènì ló ń ṣèjọba lé e lórí. Wọ́n gbin kòkó sí i títí dé ara òkè, ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ ò tó ṣiṣẹ́ ọ̀hún, wọn ò sì fẹ́ ẹ ṣe. Wọ́n wá ń kó àwọn èèyàn wa lọ. Nítorí pé orúkọ Sípéènì, ìlú ọ̀gá wọn, ni àwọn òṣìṣẹ́ ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá ní gbogbo ìgbà, Pányà ni àwọn náà ń pe ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ kòkó ni bàbá Vincent fúnra rẹ̀. Ó ní ilé gígùn kan báyìí ni wọ́n ń kó wọn sùn sí. Agogo á lù kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀gá oko tí wọ́n ń pè ní kapatá á sì dúró sẹ́nu ọ̀nà tòun ti pàṣán. Bí ẹnì kan bá sá lọ, ọlọ́pàá á mú un padà wá. Ibà ń pa wọ́n bí eṣinṣin. Ẹni tí ibà ò bá pa, bí ọdún méjì bá pé, wọ́n á ní kó tún tọwọ́ bọ̀wé. Nígbà tí òyìnbó lọ tán, ìjọba tó dé tún burú ju tiwọn lọ, títí tí ìjọba Nàìjíríà fi rán ọkọ̀ ojú omi lọ kó àwọn èèyàn rẹ̀ wálé.

Mo rántí àwọn ọkọ̀ yẹn, Àmínát. Mo ti ń ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú nígbà náà. A gbọ́ ọ nínú rédíò pé wọ́n ń kó àwọn ará wa bọ̀ láti Fanandopó, pé àwọn mìíràn ò ní ju aṣọ ọrùn wọn lọ. Màmá ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Ọlọ́run má ṣàì ṣàánú àwọn aláìní olùrànlọ́wọ́,” wọ́n sì ń bá ẹ̀wà wọn lọ.

Mo bi Vincent bóyá ó mọ Làtíìfù ará Ìjẹ̀bú. Ó wò mí tàánú-tàánú. Ó ní “Lagos” ni wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá nínú oko, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn. Lagos kan ga, Lagos kan máa ń kírun lábẹ́ igi, Lagos kan kó sínú odò. Mo ní, èyí tó ń kírun yẹn ńkọ́? Ó ní ọmọdé lòun, òun ò rántí ojú rẹ̀. Inú oko kòkó náà ni wọ́n ń sin wọ́n sí, igbó sì ti bo gbogbo rẹ̀.

Mo pinnu pé Màmá ò ní gbọ́. Ìwọ náà rò ó wò. Bí Pányà bá jìnnà, ọkọ wọn ò rọ́nà wá ni. Bó bá jẹ́ ìtòsí ilé níbẹ̀ ni, ó ti kú láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn, tàbí kí ọkọ̀ ti dé kó má fẹ́ wọ̀ ọ́. Èwo ni n óò gbé fún arúgbó nínú méjèèjì? Ohun tí n kò ṣe ni pé n kò kìlọ̀ fún Vincent. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo sáré lọ gba oògùn wọn ní kẹ́mísì. Nígbà tí mo fi máa padà, Màmá ti di ọkùnrin náà lọ́wọ́ mú, inú wọn ń dùn ṣìnkìn. Wọ́n ń pè mí láti òkèèrè: “Mìsítúrà, wá gbọ́! Pányà ni wọ́n bí ọkùnrin yìí sí!” Kí n tó ráyè sọ ohunkóhun, wọ́n ti bi í pé ọjọ́ mélòó ni ọkọ̀ ń rìn kó tó débẹ̀. Ó ní, “Màmá, bí ẹ bá wọkọ̀ ní Kàlàbá nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni ilẹ̀ á mọ́ bá yín.” Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Rárá o, Fanandopó lò ń sọ yẹn.” Vincent, tí kò mọ nǹkan kan, ní, “Màmá, ibì kan náà ni.”

Wọn ò ké. Èmi ni mo ń sunkún láàárín àwọn èèyàn bí òmùgọ̀. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sílé. Nínú bọ́ọ̀sì, ìta ni wọ́n ń wò. A kọjá ibi tó yẹ ká ti sọ̀ kalẹ̀, n kò sì lè pè wọ́n.

Ìgbà tí mo ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ wọn nílé ni wọ́n tó lanu. Wọ́n ní, “Mìsítúrà, edé.” Mo ní, “Edé kẹ̀, Màmá?” Wọ́n ní, “Edé tí mo fi rán ọ níléèwé. Níbo ni mo ti ń rà á?”

Kàlàbá ni, Àmínát. Ọdún gbọọrọ ni Màmá fi ń lọ Kàlàbá ra edé, kó tó di pé ogun dé àti lẹ́yìn tí ogun lọ. Etí omi ni wọ́n máa ń sùn sí, tí wọ́n á máa dúró de àwọn apẹja. Wọ́n ní, “Omi yẹn ni mo fi ń bọ́jú láàárọ̀. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀ níṣojú mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Èmi náà ò sì béèrè, edé ni mo wá rà.” Mo ní, “Màmá, wọ́n lè ti kú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ edé rárá.” Wọ́n wojú mi. Wọ́n ní, “Wọ́n sì lè máà tíì kú. Ǹ bá wọkọ̀ lọ mú wọn.”

Ìwọ tó kàwé, kí lo máa sọ?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ wọ́n ní kí n pe Alfa Tàjùdéèn láti mọ́ṣáláṣí. Kó tó dé, wọ́n ti bọ́ yẹtí wọn, wọ́n ti fi aṣọ funfun borí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe tákàbá ọkọ àwọn, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, kó má di pé àwọn kú láìṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ọmọlúàbí ni Alfa, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí ọkọ bá kú ni wọ́n ti ń ka tákàbá. Bí ìròyìn bá dé lẹ́yìn tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá, kò sí lọ́rùn obìnrin mọ́, àdúrà nìkan ló kù. Màmá ní, “Alfa, ṣé pé mi ò lọ́kọ, mi ò sì lókùú?” Alfa ní ká ṣàdúrà. A ṣàdúrà, Màmá ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé yẹtí náà lé mi lọ́wọ́, pé kí n lọ mú un fún ẹnikẹ́ni tó bá wù mí.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò lọ sẹ́ńtà mọ́. Vincent gbé ọsàn wá, ó ń tọrọ àforíjì. Wọ́n kí i dáadáa, wọn ò bi í ní nǹkan kan. Oúnjẹ, wọ́n á kàn tọ́ ọ wò ni. Dókítà ní kò sí àrùn kankan lára wọn, àfi ọjọ́ orí, bí ẹni pé èmi ò mọ̀. Mo ṣẹ̀fẹ̀, mo pariwo mọ́ wọn, mo bẹ̀ wọ́n. Mo ti ṣe é ṣe é, ó ti sú mi. N kò mọ ohun tó kù tí mo lè ṣe, Àmínát, n kò sì ní purọ́ fún ọ pé yóò dára.

Nítorí náà, jáwọ́ nínú wíwá. Bí ibi iṣẹ́ bá lè yọ̀ǹda rẹ kí ọdún tó parí, máa bọ̀ nílé, kó lè ṣojú rẹ. Má ra ẹ̀bùn kankan. Ọlọ́run tó mọ ibi tí olúkúlùkù sùn sí kò ní jẹ́ kí a wá ọ tì. Yóò fún ọ ní ọkọ tí ń tètè wálé, àwọn ọmọ tí ń gbé tòsí, àti ẹ̀mí gígùn tó ní ìfọ̀kànbalẹ̀ nínú. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tí kì í yé ronú rẹ,
Mìsítúrà.

Mo gbàgbé: Mo ti fẹ́ lẹ ẹnu àpò ìwé yìí pa nígbà tí Màmá pè mí. Wọ́n ní ta ni mò ń kọ̀wé sí, mo ní ìwọ ni. Wọ́n ní kí n kí ọ dáadáa. Wọ́n wá ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí o má dákẹ́ o, kí o máa bá àwọn wá ọkọ àwọn lọ ní Sípéènì, pé ọmọdé ni Vincent nígbà náà, ọmọdé sì lè ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Wọ́n ní Pányà jìnnà gan-an. Mo ní, “Màmá, mo ti kọ ọ́.” Bí wọ́n bá bi ọ́ lórí fóònù, jọ̀wọ́, sọ pé ò ń wá wọn.