Òjò Ká Ewé Mi Mọ́ Ìta

Ọjọ́bọ̀, Agbowó.

Inú ń bí mi gidigidi. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi sá ewé ànàmọ́ àti ẹfinrin àwọn ehoro mi. Láàárọ̀ yìí, ó ti gbẹ, ó ń rún lọ́wọ́.

Ibi iṣẹ́ ni mo wà tí òjò fi dé. Ìyá Bọ́lá, alábàágbé mi, wà nílé. Ó kó ata tó sá wọlé, ó fi àtẹ ewé mi sílẹ̀ sínú òjò. Mo bi í. Ó ní, “Ẹ má bínú, oúnjẹ ehoro lásán ni mo pè é.”

Lásán. Ewé tó bu ló pa ìyá àwọn ehoro yìí lọ́dún tó kọjá, ojú Ìyá Bọ́lá náà ló ṣe. Àìmọye ìgbà ni mo ti bá a ká aṣọ lójò.

Mo da gbogbo ewé náà nù.

Nírọ̀lẹ́, òjò tún ṣú. Yunifọ́ọ̀mù Bọ́lá wà lórí okùn, kò sì sẹ́nì kankan ní yàrá wọn. Mo ń wò ó títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Mo ká a wọlé. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló wà báyìí. Kí Ìyá Bọ́lá wá béèrè.