Màmá Sípéènì, Ẹni Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Ń Ṣí Ẹnu Rẹ̀

Ọdún 1951 ni wọ́n bí Màmá wa, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Màmá Sípéènì, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Ìyá wọn ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá wọn. Ìyá lè bá ògiri sọ̀rọ̀ títí ògiri yóò fi dáhùn. Bàbá lè jókòó láti àárọ̀ di alẹ́ láìsọ ju "ẹ kú ilé" lọ. Màmá jogún ọwọ́ ìyá, wọ́n jogún ẹnu bàbá. Láti kékeré ni wọ́n ti ń dirun bí àgbà, ṣùgbọ́n bí àlejò bá bi wọ́n ní ìbéèrè, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ní 1970, wọ́n wọ yunifásítì láti kọ́ èdè Sípéènì. Ẹnu ya ẹbí: ẹni tí kì í sọ tilé, tòkèèrè ló fẹ́ lọ sọ? Ìyá wọn nìkan ló ní, "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Bóyá ọ̀rọ̀ tiwa ni kò bá a lára mu."

Nínú ìwé, Màmá kò lẹ́gbẹ́. Ìdánwò ẹnu ni wàhálà wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n jókòó níwájú àwọn olùkọ́, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ahọ́n wọn lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Bí ìgbà kẹta bá tún rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn.

Nígbà ìsinmi, wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù ìyá wọn. Bí òòyà ṣe wọ irun oníbàárà báyìí, Sípéènì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu wọn. Ẹni tí wọ́n di irun rẹ̀ mú kò kúkú ríbi sá. Kò pẹ́ tí obìnrin tó ń ta bàtà ní òdìkejì títì fi ń dáhùn "sí, sí", ìyẹn "bẹ́ẹ̀ ni" ní Sípéènì, bí ẹni tó gbọ́ ọ, tó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Dirun mi o, àmọ́ jẹ́ kí Sípéènì tòní mọ níwọ̀n."

Ọjọ́ ìdánwò kẹta pé. Olùkọ́ àgbà, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, béèrè ìbéèrè kan, ó béèrè èkejì. Omi ló bọ́ lójú Màmá. Ni olùkọ́ náà bá pa Sípéènì tì: "Ọmọ yìí, níbo lo ti máa ń sọ ọ́?"

"Tí mo bá ń dirun ni, mà."

Olùkọ́ àgbà wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ṣí ìborí, ó yí àga padà. "Ó yá, orí mi rèé."

Ohun tí Màmá máa ń sọ fún oníbàárà ni wọ́n kọ́kọ́ sọ, ní Sípéènì: "Ẹ fọkàn balẹ̀, kò ní dùn yín." Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ń dà. Nígbà tí irun yóò fi parí, àwọn olùkọ́ ti gbàgbé aago, olùkọ́ àgbà sì ń béèrè dígí. Màmá yege. Ìyá wọn tó ń dúró lóde jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bá àwọn sọ̀rọ̀, kí àwọn mí ná.

Ní 1977, Màmá fẹ́ Bàbá wa, ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Orí Bàbá ti pá nígbà náà, kò sí irun tí wọ́n lè fi bẹ ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu àfẹ́sọ́nà wọn. Irùngbọ̀n ni wọ́n dá sí. Níbi tí Màmá ti ń gé e ni wọ́n ti dá Bàbá lóhùn pé àwọn gbà.

Títí di 2011 ni wọ́n fi kọ́ni ní Sípéènì ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, orí akẹ́kọ̀ọ́ kan kì í sì í kúrò lábẹ́ ọwọ́ wọn. Nínú ìjọ, wọn kì í gbàdúrà sókè; wọ́n ní Ọlọ́run ń gbọ́ ti ọkàn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, wọ́n ń lọ yarun fún àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú.

Ní 2023, àrùn rọpá-rọsẹ̀ mú ẹsẹ̀ wọn kan, ó sì gba ohùn wọn. Dókítà mi orí. Ẹ̀rù bà wá gan-an pé Màmá yóò lọ láìdágbére. Àbíkẹ́yìn wọn ló rántí ìtàn ìdánwò tí gbogbo wa ti gbọ́ títí tó fi sú wa. Ó tú irun ọmọ rẹ̀, ó gbé e jókòó sáàárín orúnkún Màmá, ó fi òòyà lé wọn lọ́wọ́. Ìka wọn wọ inú irun náà. Ètè wọn mì. Sípéènì ló jáde.

"Màmá àgbà, kí lẹ wí?"

"Mo ní kó o fọkàn balẹ̀. Kò ní dùn ẹ́."

Igbe ayọ̀ gba ilé kan. Láti ọjọ́ náà, a tò síwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n súre fún wa, wọ́n sì bá ẹni tó yẹ kí wọ́n bá wí wí. Bàbá mú irùngbọ̀n tiwọn wá. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, a kò sì mọ ohun tí wọ́n jọ sọ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Màmá sùn, wọn kò jí. À ń sunkún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn wa fúyẹ́, torí kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó ṣẹ́kù sí wọn nínú. Wọ́n fi Bàbá sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje, àti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè gbọ́ Sípéènì kí wọ́n má fọwọ́ kan orí.

A ti bá yín ya irun yín, Màmá, a sì dì í bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ. Ẹ fọkàn balẹ̀. Kò ní dùn yín mọ́. Ẹ sùn re o.