Abọ́ Alhaja Safiyat

Bọ̀dá Gbádé,

Ẹ kú òtútù Kánádà. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó wa àtàwọn ọmọ wà? Ara Mọ́mì ti ń yá, àmọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti fẹ́ tán.

Ìwé ìtàn tí ẹ fi ránṣẹ́, nípa àwọn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí bọ́ǹbù átọ́míìkì jó ayé, tí ebi sọ wọ́n di ajẹ̀nìyàn, kò jẹ́ kí n sùn. Oúnjẹ ni mò ń kó pamọ́ báyìí.

Lánàá, a ń jẹun lọ́wọ́ ni aládùúgbò wa, Alhaja Safiyat, wọlé. Kàkà kí n sọ pé "ẹ bá wa ire", mo sáré fi ọmọrí dé ìkòkò ọbẹ̀. Wọ́n rí mi. Wọ́n rọra gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín kalẹ̀: "Tiyín rèé, Àdìkẹ́."

Mi ò mọ ojú tí màá fi dá abọ́ náà padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n, kí ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín.

Bọ́ǹbù kankan ò tíì bọ́ sí Ọ̀fà, Bọ̀dá, àmọ́ èmi ti di ọ̀kan lára àwọn inú ìwé yẹn.

Àbúrò yín,
Àdìkẹ́