Ìbéèrè tí mo bi ọmọ náà níwájú ẹni tó ń ra kaṣú

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi hàn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọkọ mi gan-an ò mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ mi parí kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ìgbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan nawọ́ yọ kọ́kọ́rọ́ lára ọ̀kadà tó gbé mi wọ abúlé ni mo mọ̀ pé wàhálà dé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí wọn ni, "Okun o," bí a ti ń kí ara wa, ẹnikẹ́ni ò dáhùn... Lọ́dọ̀ wa, tí o bá kí èèyàn báyẹn tí wọn ò dá ọ lóhùn, ó ní ohun tí wọ́n rí lára rẹ. Àwọn obìnrin tó bá mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n káwọ́ lérí. Ọ̀kan nínú wọn ló wá sọ ọ́ jáde: "Òun náà nìyí. Òun ló ń ka àwọn ọmọ wa."

Àwọn ajínigbé ti gbé ọmọbìnrin kan lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nígbà tó ń lọ sílé ìwé. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni èmi sì jókòó ti ọmọ náà, tí mo ń bi í ní ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Kàbbà ni mò ń gbé, mo ti lé ní ogójì ọdún, ìwé tí mo kà ò pọ̀. Àwọn kan gbà mí síṣẹ́ torí pé mo gbọ́ èdè Owé tí a ń sọ ní Kàbbà, mo sì gbọ́ ti Yàgbà. Wọ́n ní àwọn ń kó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ sínú kọ̀mpútà kan, kí gbogbo ayé lè rí bí ìgbé ayé ọmọ tiwa ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ ibòmíràn. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi gbogbo wọn. Ṣé o máa ń yó kí o tó sùn? Ta ni o máa ń sọ fún tí inú rẹ bá bàjẹ́? Ọ̀nà wo lo ń gbà lọ sílé ìwé, ta ló ń bá ọ lọ, ṣé ẹ̀rù máa ń bà ọ́? Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, mi ò ní purọ́. Ó dùn mọ́ mi pé ẹnìkan níbi tó jìnnà fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ Yàgbà yó.

Òfin wọn ni pé kí n mú ọmọ sọ́tọ̀, kí ó lè sọ tinú rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ìlú ṣe rí báyìí... àlejò wo ló máa wọ abúlé tí yóò ní kí ọmọ ọlọ́mọ tẹ̀ lé òun wọ yàrá? Wọn ò ní jẹ́ kó jáde láàyè. Torí náà mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ìyá àgbà ọmọ náà ń bó ẹ̀gúsí, àwọn aládùúgbò pé lé wa lórí. Nígbà tí mo béèrè bóyá ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, ìyá àgbà ní, "Ṣé wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ ni? Kí wọ́n fi tèmi kún un, ẹ̀yìn ń dùn mí." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀rín tirẹ̀ ju ti gbogbo wa lọ. Ó jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀, ó so àpò òfìfo mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní òun wá ra kaṣú. Mo wá bi ọmọ náà ní ti ọ̀nà. Ó dáhùn ketekete: òun nìkan ni òun ń lọ, ọ̀nà ẹ̀yìn odò ni òun ń gbà, òun sì máa ń tètè jáde torí òun ló ń gbá kíláàsì. Ọkùnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń wo ọmọ náà.

Ọ̀nà ẹ̀yìn odò yẹn ni wọ́n ti gbé e.

Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ yẹn, wọ́n tì mí mọ́ yàrá kan lẹ́yìn ilé baálẹ̀. Mo ń gbọ́ wọn lóde, àwọn kan ní kí wọ́n lọ wá bẹntiróòlù, àwọn kan ní kí wọ́n mú sùúrù. Wọ́n bi mí ta ló rán mi, mo sọ. Wọ́n bi mí kí ló dé tí mo ń ka ọmọ, mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Ṣùgbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń ra kaṣú... kí ni mo fẹ́ sọ? Pé èmi ni mo mú kí ọmọ sọ ọ̀nà rẹ̀ sétí ẹni tí mi ò mọ̀? Ẹ̀rù ikú dí mi lẹ́nu. Ká ní mo sọ ọ́ nígbà náà, ṣé wọn ò bá tètè rí ọmọ náà?

Àwọn ọlọ́dẹ ló padà rí i nínú igbó, àwọn tó gbé e ti sá. Ó wà láàyè, ọpẹ́ ni. Wọ́n tú mi sílẹ̀, àmọ́ wọn ò tú mi sílẹ̀ tán. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ń pè mí lórí fóònù pé tí àwọn bá tún rí mi ní Yàgbà, àwọn ò ní bi mí ní nǹkan kan mọ́. Mo sá lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Lọ́kọ́ja. Tí ọ̀kadà bá dúró níwájú ilé, màá lọ jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni baálẹ̀ ránṣẹ́ pè mí, mo sì padà lọ sí abúlé náà. Ó ní àwọn ti wádìí, àwọn ò rí ẹ̀bi lọ́wọ́ mi, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè láti halẹ̀ mọ́ mi mọ́. Ọ̀dọ́kùnrin tó yọ kọ́kọ́rọ́ níjọ́ yẹn dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ọmọ ló ká wa lára." Ìyá àgbà gúnyán fún mi, ó ní kí n parí iṣẹ́ mi, kí àwọn tó rán mi má bàa sọ pé ọmọ tàwọn ò sí láyé. Bẹ́ǹṣì yẹn náà ni wọ́n gbé fún mi jókòó. Ọmọ náà jáde wá kí mi. Wọ́n ní kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, pé kò rántí nǹkan kan. Ó wo àwọn tó yí wa ká, ó wá fẹnu sí mi létí: "Màmá, tí ẹ bá tún fẹ́ béèrè ọ̀nà, ẹ jẹ́ ká wọlé."

Kò sẹ́ni tó ń halẹ̀ mọ́ mi mọ́, síbẹ̀ mi ò rí oorun sùn. Kaṣú ọdún yìí tún ti ń pọ́n, àwọn tó ń rà á ti ń wọ abúlé. Ó lè jẹ́ pé ọkùnrin yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀... tí mo bá sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí wọ́n lọ dáná sun ún bí wọ́n ti fẹ́ ṣe mí ńkọ́? Tí mo bá dákẹ́, tó wá padà wá ńkọ́? Ṣé wọn ò ní bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ látìgbà náà? Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ta ni ẹ máa kọ́kọ́ sọ fún? Báwo lẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?